Bí Aboyún Tàbí Abiyamọ Bá Ń Làágùn Jù

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó máa ń bi wá léèrè ní ilé ìwòsàn aboyún pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí mo fi ń làágùn báyìí?" Ẹlòmíràn á ní òun á jí lóru, aṣọ ìbora àti ìrọ̀rí á ti tutù rin bí ẹni pé òjò ni ó pa òun. Ẹlòmíràn á ní òun kò lè dúró nídìí àdògán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òógùn má bo òun lójú. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé àìsàn ni. Inú àwọn mìíràn sì ń dùn, wọ́n ní ibà ni ó ń bá òógùn jáde lára. Àwọn méjèèjì lè ṣì í. Òógùn kan wà tí ó jẹ́ iṣẹ́ ara lásán, tí kò gba oògùn kankan. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ̀mí lè bọ́. Bí ẹ ó ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ni a fẹ́ sọ fún yín nínú ìwé yìí.

KÍ NI ÒÓGÙN?

Ara ènìyàn kì í fẹ́ gbóná jù, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ tutù jù. Ìwọ̀n ìgbóná tí ó bá a mu jẹ́ nǹkan bíi dìgírì 37. Nígbà tí ara bá fẹ́ kọjá ìwọ̀n yìí, yálà nítorí oòrùn, iṣẹ́, ọbẹ̀ ata, ẹ̀rù tàbí àìsàn, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí àwọn orísun òógùn kéékèèké tí ó wà nínú awọ. Wọ́n tó mílíọ̀nù 2 sí 4 lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Omi pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń tú jáde.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe jíjáde omi náà ni ó ń mú ara tutù. Gbígbẹ rẹ̀ ni. Ní àsìkò ọyẹ́, ènìyàn lè làágùn kí ó má tilẹ̀ mọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbà á kúrò lára kíákíá. Ṣùgbọ́n ní àsìkò òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, òógùn á máa ṣàn lára lásán, ara kò sì ní tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹni tí ó wọ aṣọ tí ó ń dán bí ọ̀rá, tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn kan ara. Ẹni náà á làágùn títí, ooru á sì tún máa mú un.

NÍGBÀ OYÚN

Bí oyún ti ń dàgbà ni ẹ̀jẹ̀ ara ìyá ń pọ̀ sí i, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkàn ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti ń ṣe lọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ ń fẹ̀, ọmọ inú pàápàá sì ń mú ooru tirẹ̀ wá. Gbogbo ooru yìí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Nítorí náà, bí aboyún bá ń làágùn ju ọkọ rẹ̀ lọ nínú yàrá kan náà, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí ó bá ṣá ti ń jẹun, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí agbára rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Àwọn tí a ń ṣàníyàn fún ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ ìdí iná: ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí, ẹ̀yin tí ẹ ń din àkàrà, ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja, pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ sínú oòrùn ọ̀sán láìní ìbòrí. Oyún kò ní kí ẹ má ṣiṣẹ́ o. A mọ̀ pé ẹni tí kò bá tajà kò ní jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ìdí iná bọ́ sí àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, ẹ máa dìde kúrò nídìí rẹ̀ lóòrèkóòrè láti lọ jókòó sí ibòji, kí ẹ sì gbé omi mímu sí ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹ má dúró de òùngbẹ kí ẹ tó mu ún. Ẹ máa wo ìtọ̀ yín: bí ó bá pọ́n rokoṣo, tí kò sì pọ̀, omi ara yín ti ń dín kù. Bí orí bá tún ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín tí ẹnu sì gbẹ, ẹ kúrò níbi iṣẹ́, ẹ wá ibi tí ó tutù dùbúlẹ̀ sí ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí orí fífọ́ náà kò bá lọ, tàbí tí ojú ń ṣe yín bàìbàì, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ oòrùn mọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà.

LẸ́YÌN ÌBÍMỌ

Ìgbà yìí ni òógùn máa ń pọ̀ jù, òun náà ni ó sì máa ń dẹ́rù ba àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí. Nígbà oyún, ara ìyá ti kó omi pamọ́, nǹkan bíi lítà 6 sí 8. Lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde, ara kò nílò omi yìí mọ́. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà dà á nù: ìtọ̀ àti òógùn. Lákòókò kan náà, àwọn hòmóònù tí ó ń tọ́jú oyún á já wálẹ̀ lójijì, èyí tí ń mú kí ọpọlọ máa rò pé ara ń gbóná nígbà tí kò gbóná. Nítorí náà ni ìyálọ́mọ fi ń jí lóru, tí aṣọ rẹ̀ á ti tutù, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lọ sílẹ̀, ó sì sábà máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé irú èyí ni: ara ìyá kò gbóná bí ẹ bá fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, kò gbọ̀n, òógùn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe tútù nini, bí ó bá nu ara rẹ̀, tí ó pààrọ̀ aṣọ, ara rẹ̀ á yá gágá. Oúnjẹ ń wọlé fún un, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lára rẹ̀ sì ń dín kù lójoojúmọ́. Irú òógùn yìí kò gba àgbo, kò gba abẹ́rẹ́. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú kan sórí ibùsùn tí ẹ lè yára yọ kí ẹ sì fọ̀, ẹ fi aṣọ ìwọ̀sùn kejì sí ìtòsí, kí ẹ sì gbé omi mímu sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ má ṣe torí pé ẹ kò fẹ́ làágùn kí ẹ má mu omi; ara yóò dà á nù bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀yin ni ẹ ó gbẹ.

A kò wá láti bú àṣà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ dára fún ìyálọ́mọ, ó ń mú kí ìrora ara rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n omi híhó tí àwọn àgbà ń fi aṣọ rẹ̀ tẹ ikùn, tí ìyálọ́mọ ń ké tí wọ́n ń ní kí ó fara dà á, kì í fọ ilé ọmọ mọ́. Inú awọ ni ìgbóná rẹ̀ ń mọ. A ti rí ikùn tí ó bó, a sì ti rí ojú ibi tí wọ́n rán tí ó tú nítorí pé ìyálọ́mọ jókòó lé omi gbígbóná. Ilé ọmọ ń padà sípò fúnra rẹ̀, ọmú tí ọmọ ń mu sì ń ràn án lọ́wọ́. Ọbẹ̀ ata náà kò lè fọ̀ ọ́; òógùn nìkan ni ata ń fà.

Àwọn kan ń gbé ìkòkò ẹyín iná sínú yàrá ìyálọ́mọ, wọ́n á sì ti fèrèsé pa kí òtútù má bàa wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì pa ń mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ó lè pa ìyá àti ọmọ lójú oorun láìsí ẹni tí yóò gbọ́ igbe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ìdí fèrèsé.

ÒÓGÙN TÚTÙ

Ibí yìí ni kí ẹ ti farabalẹ̀ kà dáadáa, kí ẹ sì kà á sí etí ọkọ àti ìyá ọkọ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe lè má lè sọ̀rọ̀.

Bí ìyálọ́mọ bá ń làágùn, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ tutù nini bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, tí ojú àti ètè rẹ̀ funfun, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tí òòyì ń kọ́ ọ bí ó bá fẹ́ dìde, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò já geere, ara rẹ̀ kò tutù nítorí àlàáfíà. Ẹ̀jẹ̀ ni kò tó mọ́ nínú iṣan rẹ̀. Ara ń fa ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ó kù sẹ́yìn fún ọkàn àti ọpọlọ, ó sì fi awọ sílẹ̀ ní tútù. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, tàbí tí ó ń jáde ní dídì ńláńlá, ìsun ẹ̀jẹ̀ ni. Èyí tí ó ju mílílítà 500 lọ lẹ́yìn tí a bímọ ní ojú ara ni a ti ń kà sí ewu. Ẹ̀jẹ̀ náà sì lè má hàn síta, ó lè kó jọ sínú.

Ìyálọ́mọ kan wà tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ó bímọ. Ilé ni ó bí i sí. Láti ìdájí ni ó ti ń làágùn, tí ara rẹ̀ tutù. Àwọn ará ilé dúpẹ́, wọ́n ní ibà tí ó ń ṣe é ní ìjẹta ti jáde tán, wọ́n sì dà á láṣọ borí kí ó lè sùn. Aṣọ mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ti rin lábẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí aṣọ wò. Èérún ibi ọmọ ni ó kù nínú ilé ọmọ, òun ni ó fa ibà, òun náà ni ó fa ẹ̀jẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọlọ́kadà tí ó wà lójúde, àti àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ó yè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ó sùn bí wọ́n ti fẹ́, a kì bá má sọ ìtàn náà báyìí.

Ẹ rántí pé ọjọ́ kẹsàn-án ni. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ìsun ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè dé títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ dá ìyá dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ ní kí ó tọ̀ bí ó bá lè tọ̀, ẹ gbé ọmọ sí i lọ́mú, ẹ fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ títí ilé ọmọ yóò fi le bíi bọ́ọ̀lù. Ìrọ̀bì kan ni kí ẹ fi bò ó, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án. Bí ẹnì kan ti ń ṣe èyí, kí ẹlòmíràn ti máa wá ọkọ̀. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti máa ṣe ìyókù.

Òógùn tútù tún lè mú ẹni tí ebi ti pa jù, àti alátọ̀gbẹ tí ó gba abẹ́rẹ́ ṣúgà tí kò sì jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ebi á máa pa á gan-an. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà kíá, lẹ́yìn náà kí ó jẹun, kí ó sì wá rí wa.

ÒÓGÙN PẸ̀LÚ IBÀ

Ibà tí ẹ̀fọn ń fà máa ń ní ìpele mẹ́ta: òtútù tí ń mú ènìyàn gbọ̀n, ooru tí ń jó o, lẹ́yìn náà òógùn. Nígbà tí òógùn bá dé, ara á fúyẹ́, ẹni náà á ní òun ti sàn. Ibẹ̀ ni ibà ti ń tan ni jẹ. Kòkòrò rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì tún dìde. Òógùn kì í ṣe oògùn. Ibà ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ fún aboyún, ó lè ba oyún jẹ́, ó sì lè mú kí ọmọ kéré jù nígbà tí a bá bí i. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì lo oògùn tí a bá fún yín tán. Ẹ máa sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí. Láti ọ̀sẹ̀ 13 oyún ni a ti ń fún aboyún ní oògùn SP tí ń dènà ibà. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ lò ó kí ẹ tó bímọ, kí oṣù kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bí oògùn mìíràn bá wà tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ sọ fún wa kí a tó fún yín, nítorí kò bá gbogbo oògùn mu.

Fún ìyálọ́mọ, bí ìgbóná ara bá tó dìgírì 38 nígbàkígbà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ilé ìwòsàn ni, ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ún, tí ohun tí ń dà lára rẹ̀ ń rùn, kòkòrò ti wọ ilé ọmọ. Èyí ń pa ìyá kíákíá, kò sì sí àgbo tí ó ràn án. Bí ó bá jẹ́ ọmú ni ó le, tí ó pọ́n tí ó sì gbóná ní ojú kan, ẹ wá gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ má dá ọmú náà dúró. Ọmọ tí ń mu ún ń ràn yín lọ́wọ́ ni.

ÀWỌN ÀÌSÀN MÌÍRÀN

Òógùn òru tí kò lọ, pẹ̀lú ikọ́ tí ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ àti ara tí ń rù: ẹ wá kí a yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò nítorí ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Òógùn pẹ̀lú ọwọ́ tí ń gbọ̀n, àyà tí ń já, ara tí kò gba ooru rárá, tí ẹ sì ń rù bí ẹ ti ń jẹun tó, pàápàá bí ọrùn bá wú: ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ lè wà níbẹ̀, a ó gba ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí ó ń mí gúlegúle lóru, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ láìfi ìrọ̀rí méjì mẹ́ta tì í, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú sí i lẹ́yìn ìbímọ dípò kí ó máa fọn, ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára mọ́. Àìsàn ọkàn yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn dókítà ní Zaria ti ń kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀ ìyálọ́mọ tí ó ní in. Kò yẹ kí ó sùn sílé.

Àwọn mìíràn wà tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti ń làágùn láti kékeré, tí ó sì wà nínú ẹbí wọn. Kì í ràn, ọwọ́ ayé kọ́. Aṣọ ìnuwọ́ ni kí ẹ fi lé èjìká nígbà tí ẹ bá ń wẹ ọmọ, nítorí ọwọ́ tútù pẹ̀lú ọṣẹ máa ń yọ̀. Àwọn oògùn ìparapara tí wọ́n ń tà fún un, ẹ má fi sí ara nígbà oyún tàbí nígbà tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú láìjẹ́ pé ẹ bi wá.

ÌTỌ́JÚ ARA LÓJOOJÚMỌ́

Aṣọ òwú ni kí ẹ máa wọ̀, kí ó fẹ̀ lára yín, títí dé ṣòkòtò ìbọ́sínú àti kọ́múù. Wíwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ tó. Ẹ máa nu abẹ́ ọmú, abíyá àti abẹ́ ikùn gbẹ. Ibi tí awọ bá ti lẹ̀ mọ́ awọ tí òógùn sì dúró sí, ó máa ń bó, á sì máa yún. Ẹ má fi lọ́fínńdà sí àyà, òórùn ara ìyá ni ọmọ fi ń mọ ọmú. Obì àti kọfí lè mú òógùn pọ̀ sí i. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ti tó, ẹ má tún bu iyọ̀ sínú omi mu.

ỌMỌ TÍ Ń LÀÁGÙN

Ooru tí ń mú ìyá ń mú ọmọ pẹ̀lú. Síbẹ̀ a máa ń rí ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n wọ súwẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ní ọ̀sán oṣù kẹta, tí ooru ti sú sí i lọ́rùn. Aṣọ kan ju èyí tí ìyá wọ̀ lọ ti tó ọmọ. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: bí ó bá tutù fún òógùn, ẹ bọ́ ọ̀kan kúrò.

Ní irú àkókò yìí ni àwọn ará ilé máa ń ní kí a fún ọmọ lómi, pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ mu omi náà. Omi tí ó wà nínú omi ọmú tó ọmọ títí di oṣù mẹ́fà, bí oòrùn ti wù kí ó mú tó. Ẹ ṣá gbé e sí ọmú lóòrèkóòrè. Omi inú ike ni ó sábà máa ń gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé.

Ọmọ tí iwájú orí rẹ̀ ń làágùn ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń mu ọmú, tí ó ń mí kíákíá, tí ó ń dáwọ́ dúró láti sinmi, tí kò sì wúwo sí i lórí òṣùwọ̀n, ẹ gbé e wá kí dókítà gbọ́ ọkàn rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tí kò sì mu ọmú, ẹ má fi í di ọ̀la.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ ti rò ó sílẹ̀: ìgbà wo ni òógùn náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ni tàbí òru, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni tàbí ó tutù, páàdì mélòó ni ẹ̀jẹ̀ ń rin lóòjọ́. Ẹ mú káàdì yín lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan ìgò àgbo. A kò ní bá yín jà nítorí àgbo. A kàn fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni.